Àpótí fọ́tò àtijọ́ nílé wa ní Pópó Àgùdà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí wọ́n tó wó ilé

Ọmọ_Pópó_Àgùdà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹbí wa ti fẹnu kò láti wó ilé ńlá wa tó wà ní òpópónà Bámgbóṣé, ní Èkó. Agbaṣẹ́ṣe ti gbowó, wọ́n sì ní kí oníkálukú wá kó ẹrù rẹ̀ kí oṣù tó parí. Nínú yàrá tí bàbá tó bí bàbá mi fi ṣe súdíò nígbà ayé wọn, a bá àpótí igi mẹ́ta. Ọ̀kan kún fún gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò láyé ọjọ́un, èyí tó jẹ́ pé ibi tó yẹ kó funfun ló dúdú. Fọ́tò orí ìwé ló wà nínú èkejì, ọ̀pọ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn, àwọn kan sì ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù. Fíìmù ló wà nínú ẹ̀kẹta, ó ń rùn bíi fínígà.

Àbúrò bàbá mi ní kí n kó gbogbo rẹ̀ dà sínú ọkọ̀ akólẹ̀, pé eruku lásán ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n gbé gbogbo rẹ̀ sórí Facebook lálẹ́ òní. N kò tíì ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn. Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú wọn? Báwo ni mo ṣe máa pín wọn kí aráyé rí wọn? Ta ló tiẹ̀ ni wọ́n?

Arẹwà_Súrùlérè

Ẹ má jẹ́ kí àbúrò bàbá yín dá wọ yàrá yẹn o 😂

Ìyá_Láíbúrérì_Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́ ẹbí. Iṣẹ́ ìwé àti fọ́tò àtijọ́ ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kánjú jù: ẹ má fọ nǹkankan, ẹ má sì fipá ya ohunkóhun tó bá ti lẹ̀.

Gíláàsì yẹn, ojú rẹ̀ kan ń dán, èkejì kò dán. Ojú tí kò dán ni àwòrán wà. Jẹlatíìnì ló gbé àwòrán náà dúró, bí omi bá kàn án, á wú, á sì ṣí kúrò lára gíláàsì. Nítorí náà, kò sí aṣọ tútù, kò sí ọṣẹ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku ojú tó ń dán, kí ẹ fi ojú kejì sílẹ̀. Etí rẹ̀ ni kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, kí ìbọ̀wọ́ sì wà lọ́wọ́ yín, nítorí òógùn ọwọ́ a máa jẹ ẹ́. Ẹ má tò wọ́n lérí ara wọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ á fọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró lórí etí tó gùn, kí ẹ fi ìwé tí kò ní ásíìdì wé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo ọ̀rá. Ọ̀rá máa ń há ọ̀rinrin mọ́ inú, ní Èkó wa yìí tí ògiri pàápàá ń làágùn, èbu ni yóò mú un kí òjò méjì tó rọ̀.

Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gba ojú gíláàsì yẹn ya fọ́tò rẹ̀. Tí ẹ bá fà á, ojú èèyàn ló máa kù sára gíláàsì, ìwé lásán lẹ ó mú dání.

Ọ̀rọ̀ fíìmù tó ń rùn nìyí: òórùn fínígà yẹn fi hàn pé asẹ́téètì ni, irú ike kan tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù, ó ti ń bàjẹ́, òórùn náà sì máa ń ba àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ jẹ́. Ẹ yà á sọ́tọ̀ lónìí, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Àmọ́ ẹ tún yẹ etí àwọn fíìmù yẹn wò dáadáa. Èyí tí wọ́n bá kọ SAFETY sí létí kò léwu iná. Èyí tí kò bá ní in lè jẹ́ náítíréètì, irú fíìmù àtijọ́ tí Kodak ṣíwọ́ ṣíṣe ní 1951. Náítíréètì kò mọ eré: bó bá gbiná, inú omi pàápàá ni yóò ti máa jó. Ẹ má gbé e sítòsí ilé ìdáná tàbí jẹnẹrétọ̀.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan máa sọ láìpẹ́. Ẹ JỌ̀WỌ́, ẹ má gbé e lọ léémínéètì.

Ọmọ_Ìdúmọ̀tà

Ẹ̀rín pa mí, èyí tí mo fẹ́ kọ gan-an nìyẹn. Ó dáa, mà. Báwo ni yóò ṣe síkáànù gíláàsì? Síkánà tó wà lọ́jà, ìwé ló ń gbà.

Èkó_Wẹnjẹlẹ

@Ọmọ_Ìdúmọ̀tà, fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì tó. Tan tábúlẹ́ẹ̀tì, jẹ́ kí ojú rẹ̀ funfun láìsí ohunkóhun lórí rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé góńgó. Má gbé gíláàsì náà lé e lórí tààrà o. Fi nǹkan gbé e sókè díẹ̀, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá máa rí àwọn tóótòòtó ojú tábúlẹ́ẹ̀tì nínú fọ́tò. Pa iná yàrá, so fóònù mọ́ igi tí kò ní mì, kí o yà á láti òkè. Lẹ́yìn náà ni wàá yí dúdú padà sí funfun lórí kọ̀ǹpútà. Mo ti bá àwọn aládùúgbò wa kan ní Ẹ̀búté Mẹ́tà ṣe é bẹ́ẹ̀, ojú èèyàn hàn kedere, bọ́tìnnì aṣọ pàápàá hàn.

Ti orí ìwé, síkánà lásán tó. 600 dpi ni kó wà, ìyẹn bí àwòrán ṣe máa hàn kedere tó. Tọ́jú TIFF rẹ̀, fáìlì ńlá tí nǹkankan kò dín nínú rẹ̀, JPEG tó kéré ni kí o máa fi ránṣẹ́ sáwọn èèyàn. Kí ẹ̀dà mẹ́ta wà, kí ọ̀kan nínú wọn sì má sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn tó kù. Olè Èkó kì í mọ ààlà láàárín láptọ́ọ̀pù àti háàdì díráìfù.

Bàbá_Dákúrúùmù

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Iṣẹ́ yìí ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi ní Mushin kí fóònù tó gbà á lọ́wọ́ wa. Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín, inú mi sì ń dùn, àmọ́ ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé tí ẹ bá ti síkáànù tán, ó bùṣe. Kò tíì bùṣe. Fọ́tò máa ń purọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa náà ṣe máa ń bá a purọ́.

Bí ìyá bá bí ìbejì, tí ọ̀kan kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn pọ̀, ìyá á mú èyí tó kù wá sí súdíò. A ó gbé ọmọ jókòó sápá ọ̀tún, a ó yà á. A ó tún gbé e sápá òsì, a ó yà á lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá di inú dákúrúùmù, yàrá òkùnkùn tí a ti ń tẹ fọ́tò, a ó fi páálí bo ìdajì ìwé, a ó tẹ ti àkọ́kọ́. A ó wá bo ìyẹn, a ó ṣí ìdajì kejì, a ó tẹ ìkejì síbẹ̀. Bó bá jáde nínú háípò, omi tí kì í jẹ́ kí àwòrán parẹ́, ọmọ méjì lẹ ó rí tí wọ́n jókòó ti ara wọn. Bí èyí tó kù bá jẹ́ ọkùnrin tí èyí tó lọ sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún un nígbà kejì. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé nípa àṣà yìí ní 1978, lẹ́yìn tó ti bá àwọn oníṣẹ́ fọ́tò jókòó ní Ìlá Ọ̀ràngún. Kì í ṣe Ìlá nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, àwa náà ṣe é níbí.

Ẹni tó bá rí irú rẹ̀ lónìí, tí kò sí ẹni tó sọ fún un, "Táyé àti Kẹ́hìndé" ni yóò kọ sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló wá sí súdíò. Síkánà yín kò lè sọ ìyẹn fún yín. Ìyá àgbà kan tó ṣì wà láyé ló lè sọ ọ́, ìyá náà kò sì ní dúró de háàdì díráìfù.

Ohun kejì tí mo fẹ́ sọ: ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ló gbé kámẹ́rà ní Èkó ìgbà náà. Neils Walwin Holm, ọmọ Accra, ṣí súdíò rẹ̀ ní Èkó ní 1896. George Da Costa, Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1853. Ilé ìtàwé CMS ló ti ń ṣe máníjà títí di 1895 kó tó bọ́ sídìí kámẹ́rà, ìjọba sì gbé e níṣẹ́ láti ya fọ́tò iṣẹ́ ojú irin lọ sókè Ọya. Herzekiah Shanu, ọmọ Ọ̀tà tó kàwé ní Èkó, Congo ló lọ, Boma ló ti ń ya fọ́tò tiẹ̀. Àbúrò, yẹ ẹ̀yìn fọ́tò orí ìwé yẹn wò dáadáa. Súdíò tó bá mọṣẹ́ máa ń lu òǹtẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Bóyá ẹni tó kọ́ bàbá bàbá rẹ níṣẹ́ lo máa bá níbẹ̀.

Ọmọ_Pópó_Àgùdà

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ó pẹ́ fún wa. Mo ka èyí, mo sáré lọ sídìí àpótí kejì. Fọ́tò kan wà níbẹ̀, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan, ojú wọn kò yàtọ̀ rárá, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín fọ́tò náà kọjá. Ọdọọdún la máa ń mú un jáde níbi ìpàdé ẹbí, "àwọn ìbejì Màmá Àgbà" la máa ń pè é.

Mo ti fi ránṣẹ́ sí ìyá wa kan tó wà ní Epetedo. Màá gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ.

Ọmọ_Onílé_Láfíàjì

Ẹ má bínú o, èmi kò bá yín kọrin yìí. Fọ́tò ẹbí kì í ṣe ọjà. Mo fún ojú-òpó kan ní fọ́tò ìyá tó bí ìyá mi nígbà kan, wọ́n ní ìtàn Èkó làwọn ń kó jọ. Kò pẹ́ tí mo rí i tí wọ́n lu orúkọ tiwọn gba ojú ìyá mi kọjá. Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú kan náà lára aṣọ tí wọ́n ń tà. Tí mo bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní fọ́tò àtijọ́ kò ní olówó. Àbúrò, gbá àpótí rẹ mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá sílé.

Lọ́yà_Òṣòdì

Ọ̀rọ̀ olówó yẹn, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín díẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ní Nàìjíríà fún fọ́tò ní 50 ọdún, a sì ń kà á láti ìparí ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde fáráyé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kà á: kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á. Èyí tó wà nínú àpótí tí kò jáde rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti jáde nínú ìwé ìròyìn ayé ìgbà náà. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni tọwọ́ bọ̀wé títà kí lọ́yà tiyín tó kà á. Bákan náà, ẹni tó ni gíláàsì àti ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lórí àwòrán lè má jẹ́ ẹnì kan náà. Kí gbogbo ọmọ bàbá bàbá rẹ jókòó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí yóò máa gbẹnu sọ fún àpótí náà. Ọ̀rọ̀ ogún lèyí, ẹ sì mọ bí ogún ṣe ń rí ní Èkó.

Èkó_Wẹnjẹlẹ

@Ọmọ_Onílé_Láfíàjì, mo gbọ́, inú bí mi sí ohun tí wọ́n ṣe sí ìyá yín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ìlọ́jọ̀ Bar, ilé àtijọ́ tó wà ní Tinúbú tẹ́lẹ̀. 1956 ni ìjọba ti kéde rẹ̀ pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, wọ́n sì wó o lulẹ̀ lọ́jọ́ Sunday kan ní 2016. Fọ́tò ló kù tí a fi ń júwe férèsé rẹ̀ àti bákónì rẹ̀ fún ọmọ wa. Ká ní gbogbo ẹni tó ní fọ́tò rẹ̀ fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?

Ẹ tún wò ó: fọ́tò Èkó pọ̀ nílẹ̀ òyìnbó tó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n kọ àkọlé rẹ̀. Ilé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò Áfíríkà tó wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì amúnisìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2011, wọ́n sì ní kí aráyé bá àwọn dá àwọn èèyàn mọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àkọlé náà kò dárúkọ ẹnì kankan. Bí àwa tí a mọ orúkọ bá gbá tiwa mọ́ra, èyí tí kò lórúkọ ni ayé á máa wò.

@Ọmọ_Pópó_Àgùdà, bí o kò bá rí òǹtẹ̀ lẹ́yìn fọ́tò, wo ohun tó wà lẹ́yìn èèyàn. Tí tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro, bá wà níbẹ̀, láàárín 1902 sí 1933 ni, kò lè jẹ́ ìgbà mìíràn. Tí afárá Carter bá hàn, wọn kò lè yà á ṣáájú 1901. Òpó iná mànàmáná kò sí ní Èkó kí àwọn ọdún 1890 tó ń parí lọ. Tí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey bá ti parí, a ti kọjá 1894.

Ọmọ_Onílé_Láfíàjì

Mo gbọ́ tẹnu yín. N kò tíì gbà, àmọ́ mo gbọ́.

Ìyá_Láíbúrérì_Yábàá

Bàbá Dákúrúùmù ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ yìí, owó síkánà ni a máa ń kọ́kọ́ wá, a ó wá rántí orúkọ nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti sùn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yí padà ni. Orúkọ lákọ̀ọ́kọ́, lónìí, kódà kí fọ́tò ṣì wà nínú eruku.

J.D. 'Okhai Ojeikere, tó gbé ní Kétu títí tó fi dolóògbé ní 2014, láti 1968 ló ti ń ya irun orí obìnrin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún oríṣi. Kì í kàn ya irun kó lọ, a máa bèèrè orúkọ irun. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn orí lásán la ó máa wò. Pierre Verger náà, ayafọ́tò ọmọ Faransé tó di babaláwo tí wọ́n ń pè ní Fátúmbí, kò dúró kó kú kó tó ronú ibi tí nẹ́gétíìfù rẹ̀ tó lé ní 60,000 máa wà: 1988 ló ti dá àjọ sílẹ̀ fún un ní Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, ó sì kú ní 1996. Ẹ̀yin Àgùdà Èkó ní ẹbí lọ́hùn-ún, ẹ má gbàgbé.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Má fi fọ́tò kan síwájú àgbà kí o bi wọ́n pé "ta nìyí?" Ojú á tì wọ́n bí wọn kò bá rántí, wọ́n á sì dákẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kó àgbà mẹ́ta mẹ́rin jọ, pẹ̀lú oúnjẹ. Tẹ́ fọ́tò sílẹ̀, tan fóònù kó máa gba ohùn wọn, kí o dákẹ́. Wọ́n á máa jiyàn láàárín ara wọn: "Rárá o, ìyẹn kọ́ ni ìyàwó kejì." Inú iyàn yẹn ni ìtàn wà. Bi wọ́n léèrè aṣọ: ayẹyẹ ta ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá aṣọ ẹbí yìí? Bi wọ́n ní oríkì ẹni tó jókòó láàárín. Àgbà tó ti gbàgbé orúkọ lè má gbàgbé oríkì.

Pẹ́ńsù ni kí o fi kọ nọ́ńbà sí etí ẹ̀yìn fọ́tò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bírò máa ń là á já.

Ọmọ_Pópó_Àgùdà

Ìyá wa ní Epetedo ti pè. Wọ́n ní kì í ṣe ìbejì méjì. Kẹ́hìndé nìkan ló yè, Táyé kú kí wọ́n tó jáde ọmọ. Ọmọkùnrin ni Kẹ́hìndé, aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n fi ya ti ọwọ́ òsì. Wọ́n sọ orúkọ rẹ̀, wọ́n kì í lóríkì, wọ́n sì bá mi wí pé kí ló dé tí ẹnì kankan kò bi àwọn láti ọjọ́ yìí. Àbúrò bàbá mi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Òun náà ló gbé àpótí kejì lọ sí yàrá òun lálẹ́ yẹn, ó ní kí ọkọ̀ akólẹ̀ máa lọ ná.

Nǹkan míì tún wà tó ń dà mí láàmú. Gíláàsì kan wà, Èyọ̀ ni. Ọkùnrin kan wọ agbádá Èyọ̀, ọ̀pámbàtà, ọ̀pá Èyọ̀, wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi aṣọ bojú, akẹtẹ̀ rẹ̀ wà lórí àga. Ojú rẹ̀ hàn gbangba. Kò sí èyí tó dáa tó o nínú gbogbo wọn. Ṣé mo lè gbé e jáde?

Ọmọ_Ìdúmọ̀tà

Hẹ̀n-ẹ́n. Tèmi ò sí níbẹ̀ o.

Ọmọ_Onílé_Láfíàjì

RÁRÁ. Ohun tí mò ń sọ látàárọ̀ nìyí.

Bàbá_Dákúrúùmù

Láfíàjì, lórí èyí, ọwọ́ mi wà pẹ̀lú tìrẹ. Ẹni tó ya fọ́tò yẹn mọ ìdí tó fi fi í sínú àpótí. Ìgà, ìyẹn ilé olóyè Èkó, tó ni Èyọ̀ náà ni kí ẹ lọ bá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọ̀ akẹtẹ̀ la fi ń mọ ìgà, fọ́tò dúdú àti funfun kò sì lè sọ àwọ̀ fún wa. Ẹ fi han àwọn àgbà ìgà nínú ilé, kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn.

Ìyá_Láíbúrérì_Yábàá

Ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀ kí gíláàsì má baà fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, kí ẹ tì í pa. Títọ́jú nǹkan àti pípolongo rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fọ́tò òkú tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí mo mọ̀ pé yóò wà níbẹ̀ dandan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ pé ó wà, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí a gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Fọ́tò tí Northcote Thomas yà láàárín àwọn Ẹ̀dó àti Ígbò láti 1909 sí 1913 fún ìjọba amúnisìn, nígbà tí àwọn olùwádìí gbé e padà lọ sí ìlú wọ̀nyẹn láìpẹ́ yìí, ọmọ-ọmọ dá bàbá wọn mọ̀ nínú rẹ̀. Fọ́tò tó pa dà sílé kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ kó tó lọ sọ́dọ̀ àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni kí tiyín ṣe rìn: ẹbí, àdúgbò, lẹ́yìn náà ni íntánẹ́ẹ̀tì.

Arẹwà_Súrùlérè

Ti lílu orúkọ sójú èèyàn ńkọ́? Mo ríran wò ó, ó ń bí mi nínú.

Èkó_Wẹnjẹlẹ

Gbé ẹ̀dà kékeré jáde, èyí tó mọ́lẹ̀ lójú fóònù tí kò ṣeé tẹ̀ sára aṣọ. Kọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, orúkọ ẹni tó yà á àti ti ẹbí sísàlẹ̀, lára ààlà funfun, kì í ṣe gba ojú kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ ńlá, kó kọ̀wé. Kò ní dá olè dúró pátápátá, àmọ́ yóò mú kó ṣòro.

Ọmọ_Onílé_Láfíàjì

Èyí ni mo lè gbà. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, màá mú fọ́tò ìyá mi tó kù wá kí ẹ bá mi yà á pọ̀ mọ́ ti Pópó Àgùdà. Èmi ni yóò kọ àkọlé rẹ̀ fúnra mi o.

Ọmọ_Pópó_Àgùdà

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ Sátidé, àwọn ìyá wa máa jókòó ní pálọ̀ kí wọ́n tó wó ilé, a ó se ìrẹsì àti fẹ̀jọ̀ndì fún wọn. Bàbá Dákúrúùmù, a ó rán mọ́tò wá gbé yín ní Mushin bí ẹsẹ̀ bá gbé e. Mà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa mú ìwé tí kò ní ásíìdì yẹn dání, a ó san owó rẹ̀.

Èkó_Wẹnjẹlẹ

Èmi àti síkánà mi ń bọ̀. Ṣé iná wà níbẹ̀?

Ọmọ_Pópó_Àgùdà

Wọ́n ti gé iná láti ìgbà tí a ti sọ pé a máa wó o. Jẹnẹrétọ̀ wà. Epo ni kò sí.

Arẹwà_Súrùlérè

Epo di tèmi. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sítòsí fíìmù náítíréètì yẹn ṣá o, mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ màmá.